Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀pá Èéfín

Sáńpépà tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ ni mo fi pa ohun tó kù lára ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi rẹ́. Èmi fúnra mi ni, lọ́sàn-án gangan, mo sì ń kọrin lẹ́nu bí mo ṣe ń ṣe é. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe. Kí n tó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ má baà máa bá mi wá àwáwí.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì. Mi ò lè rí àbàwọ́n kí n gbójú fò ó. Bí mo bá wọ ilé onílé, ojú mi á ti lọ sí igun yàrá, á ti lọ sí abẹ́ àga, kí wọ́n tó ní kí n jókòó. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi nígbà náà máa ń fi ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé láàárọ̀ kí wọ́n má baà pàdé mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi lórúkọ tó bá mi mu jù lọ. Kánmọ́kánmọ́ ló ń pè mí, nítorí ó ní mi ò ní sùúrù kí omi hó kí n tó gbé e kúrò lórí iná. Nígbà tó yá, ó gé e kúrú, ó di Kánmọ́. Èmi náà, Ìyàwó ni mò ń pè é títí ó fi kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ò jọ mí rárá. Ogójì ọdún ló fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe, nídìí ẹ̀rọ tó ń fá irin. Bí nǹkan bá fi ìbú irun orí kan ṣoṣo ju bó ṣe fẹ́ lọ, á jù ú nù, á sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn láìbínú. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó sọ yàrá ẹ̀yìn di ilé iṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré kan, ti ayé àtijọ́ tó ń rú èéfín, tí kò gùn ju apá àgbàlagbà lọ. Idẹ ni ara rẹ̀, irin ni àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, kò sì ní tà á. Ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ìyàwó ló máa ń bá a dì í mú. Òun àti ọkọ rẹ̀ á kọjú síra wọn nídìí tábìlì, òun á di àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ náà mú pa pọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á sì fi iná yọ́ léèdì láti jó wọn pọ̀. Òun ló tún ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun èyí tó bá yẹ ní kíkùn. Nígbà tí mo bá wá kí wọn, á ní, "Kánmọ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín o. Wọ́n ní ìyàwó ni wọ́n ń wá fẹ́, àṣé ẹmú ni wọ́n ń wá." Ẹ̀gbọ́n mi ò ní gbójú sókè. Á ní, "Ẹmú kì í sọ̀rọ̀." Inú àwọn méjèèjì á sì máa dùn.

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é. Ó wá ku ọ̀pá èéfín, èyí tó máa dúró lórí ikùn ọkọ̀ náà níwájú. Ẹ̀gbọ́n mi gé e lára irin, ó gùn tó ìka àárín. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bíi bọ́tìnnì kóòtù, ó sì tẹ̀ sínú díẹ̀ kó lè jókòó dáadáa lórí ikùn ọkọ̀. Ìyàwó kùn ún ní dúdú. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ọjọ́ kẹta ló kú. Mo ti rí ikú púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ mi, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn, torí èmi gan-an ni mo máa ń sọ ọ́. Nígbà tó kàn mí, mi ò rí ẹni tó sọ ọ́ tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo kó ẹrù mi wá sílé ẹ̀gbọ́n mi, mo gba yàrá iwájú. Mo rò pé màá dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ò jáde mọ́. Bó bá ti jí, yàrá ẹ̀yìn ló ń lọ. Màá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, màá sì padà wá gbé e bó ṣe wà, ó ti tutù. Ó ń rù lójú mi. Lọ́jọ́ kan mo rí bẹ́líìtì rẹ̀ lórí àga: ó ti lu ihò tuntun mẹ́ta sí i, àwọn ihò náà sì tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, àlàfo wọn dọ́gba bí èyí tí wọ́n lù láti ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó lè fara balẹ̀ lu irú ihò bẹ́ẹ̀ kò lè fara balẹ̀ jẹ ẹ̀kún abọ́ kan. Inú bí mi débi pé mo sunkún.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé inú yàrá yìí lẹ máa kú sí ni?"

Ó ní, "Jẹ́ kí n lẹ ọ̀pá èéfín yìí ná. Ọjọ́ tó bá dúró, màá jáde."

Mo gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀pá èéfín náà di ọ̀tá mi.

Kò ṣeé jó. Léèdì ni wọ́n fi so gbogbo ara ọkọ̀ náà pọ̀, bí iná bá sì tún kàn án, àwọn èyí tó ti lẹ̀ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Gọ́ọ̀mù nìkan ló kù. Ó kọ́kọ́ lo irú èyí tó máa ń mú lójú ẹsẹ̀, tó ń lẹ ìka ọwọ́ èèyàn pọ̀. Ó dúró fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta mò ń gbá ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo gbọ́ tí irin kékeré kan já lu tábìlì, kíń, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ ohunkóhun mọ́. Ó ra irú mìíràn, onítúùbù méjì tí wọ́n ń pò pọ̀. Ìyẹn náà já, ó ṣí kúrò lódindi bí èèpo ẹyin tí wọ́n sè. Ó tún ra èyí tí wọ́n po ẹ̀tù irin mọ́, tí wọ́n ní ó lè mú ẹsẹ̀ àga irin. Kíń. Nígbà tó fi di oṣù keje lẹ́yìn ikú Ìyàwó, ìgbà márùn-ún ni mo ti gbọ́ ìró yẹn.

Mo bá wọlé tọ̀ ọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ogójì ọdún bá irin ṣe, ẹ ò lè lẹ nǹkan tí kò tó ìka?"

Kò wò mí. Ó ní, "Gọ́ọ̀mù yìí ni kò dáa."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Ẹnu mi á máa yá sí nǹkan ju ọwọ́ lọ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ọwọ́ ni mo fi ṣe é. Mo pinnu pé tí òun ò bá rí gọ́ọ̀mù tó dáa, èmi á rí i. Lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún un pé irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún jù, pé kó lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ ṣàríyànjiyàn, ó wá rí ojú mi, ó mú fìlà rẹ̀. Bó ṣe ń yà sápá ọ̀tún ni mo yà sápá òsì.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ wà nísàlẹ̀ òpópónà wa, láàárín ọ̀dọ̀ ayàwòrán àti ibi tí wọ́n ti ń tún aago ṣe. Ọkùnrin tó ni ín, Kò-tán-síbẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé kò sí àlàyé tó ṣe rí tí kò ní fi "kò tán síbẹ̀" kún un. Ẹni tó bá ní kó ta ìṣó kan fóun á ti mọ ìtàn ìṣó kó tó jáde. Bíírò ló máa ń wà létí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé etí náà ti tẹ̀ síwájú díẹ̀.

Mo ní mò ń wá gọ́ọ̀mù tó lágbára jù lọ.

Ó ní, "Jù lọ fún kí ni, mà? Irin wo lẹ fẹ́ lẹ̀ mọ́ irin wo?"

"Irin dúdú sórí idẹ."

"Ṣé ó máa gbé nǹkan wúwo?"

"Ara rẹ̀ nìkan ló máa gbé."

"Iná máa kàn án? Omi ńkọ́? Ṣé nǹkan tó ń gbọ̀n ni?"

"Ohun ìṣeré àgbàlagbà ni. Orí tábìlì ló máa jókòó sí."

Ó to mẹ́ta síwájú mi. Ó fọwọ́ kan àkọ́kọ́, ó ní, "Eléyìí, ojú ẹsẹ̀ ló ń mú. Tí nǹkan méjì bá pẹlẹbẹ, tí wọ́n bá ara wọn mu, ó dáa. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbẹ, ó le bíi gíláàsì. Ẹ fi ìgbúnwọ́ kọ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí, ó ti kán nìyẹn. Èkejì yìí ń fà bíi rọ́bà. Kì í kán, àmọ́ kì í le tán, nǹkan yín á kàn máa mì ni. Onítúùbù méjì yìí lẹ máa mú. Ẹ fún méjèèjì síta dọ́gbadọ́gba, ẹ pò ó títí àwọ̀ méjèèjì á fi di ọ̀kan. Ẹ má sì mú oníṣẹ́jú márùn-ún o. Ẹ mú èyí tó ń pẹ́ kó tó gbẹ. Òun ló ń mú jù."

"A ti lo onítúùbù méjì. Ó já."

"Báwo ló ṣe já? Ṣé ó fọ́ ni, àbí ó ṣí lódindi?"

"Lódindi."

Ó mi orí. "Ẹ fá abẹ́ rẹ̀?"

"Fá a bíi ti báwo?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Gọ́ọ̀mù tó lágbára jù láyé yìí, tẹ́ ẹ bá fi lé orí ọ̀dà, ọ̀dà ló máa mú. Tí ọ̀dà bá ti ṣí, ó parí. Ẹ gbé sáńpépà, ẹ fá a títí irin fúnra rẹ̀ á fi hàn, kí ojú rẹ̀ máa ha yín lọ́wọ́. Tó bá ń dán, kò ní mú. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi sípíríìtì nù ún, kẹ́ ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ọ̀rá ara ìka lásán tó láti bà á jẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára bí ẹ̀wù tí wọ́n dìídì rán fún mi. Kí wọ́n tó lẹ nǹkan mọ́ ara aláìsàn, wọ́n á nu ibẹ̀ títí ó fi mọ́ tónítóní. Ohun tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké nìyẹn. Mo mú gọ́ọ̀mù, mo mú sáńpépà, mo mú ìgò sípíríìtì kan.

Kò-tán-síbẹ̀ ní, "Ta ló ń ṣe nǹkan yìí gan-an?"

Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni, ẹni tó ń gbé ilé onígéètì funfun.

Ó yọ bíírò létí. "Bàbá rélùwéè? Àwọn kẹ̀ ni wọ́n kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín yìí, nídìí káńtà yìí, lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ta gọ́ọ̀mù tí kò yẹ fún wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kí ló wá dé tí wọn ò fi fá a?"

Mo ní, "Ọ̀fọ̀ ni. Ọkàn wọn ò lélẹ̀." Mo ti ń kó ẹrù mi sínú àpò.

Mo gbọ́ tó ń wí lẹ́yìn mi pé, "Kò tán síbẹ̀, mà." Ṣùgbọ́n mo ti wà lójú títì. Ìbéèrè tó bi mí yẹn, ó yẹ kó dá mi dúró. Mo ti rò ó títí, mi ò sì mọ̀ ọ́n rò kọjá pé ẹsẹ̀ mi yá jù.

Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì dé nígbà tí mo padà. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn. Gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ ló wà lára ògiri, ó sì fi pẹ́ńsùlù ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn rẹ̀, kí èyí tó bá sọnù lè hàn. Àga méjì dojú kọra, tìmùtìmù àga Ìyàwó ṣì tẹ̀ láàárín bó ṣe fi sílẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kékeré rẹ̀ sì wà nínú ife. Ọkọ̀ náà wà lábẹ́ aṣọ. Ọ̀pá èéfín dá wà lórí bébà funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Mo mú un, mo yí i sódì. Ọ̀dà dúdú náà dán yí ká, àfi àárín abẹ́ rẹ̀ níbi tó ti tẹ̀ sínú. Àwọn ìlà tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tó ń yí po. Mo ní lọ́kàn mi pé, wò ó, Ìyàwó ò kun ibí yìí dáadáa. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo rò pé bóyá ara rẹ̀ ò ti yá nígbà yẹn, tí a ò sì mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo kọ́kọ́ gbé sáńpépà lé.

Kò pẹ́ rárá. Ẹ̀tù dúdú bọ́ sórí bébà, irin sì yọ lábẹ́ rẹ̀, ó funfun, ó sì ń ha mí lọ́wọ́ bí mo ṣe fẹ́. Mo rẹ òwú sínú sípíríìtì, mo nù ún lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tẹ́ aṣọ funfun tó mọ́ sórí tábìlì, mo to ohun gbogbo sí i: ọ̀pá èéfín tí mo dojú rẹ̀ sókè, túùbù méjì, igi pẹlẹbẹ tí a ó fi pò ó. Bí mo ṣe máa ń to irinṣẹ́ fún dókítà nìyẹn. Inú mi dùn sí ara mi.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, irùngbọ̀n rẹ̀ ti lọ, ojú rẹ̀ kéré lójú mi. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ wá wo nǹkan tí mo bá yín ṣe."

Ó sún mọ́ tábìlì. Ojú rẹ̀ lọ sí ọ̀pá èéfín, ó lọ sí sáńpépà, ó tún padà sí ọ̀pá èéfín. Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó wá jókòó sórí àga Ìyàwó, àga tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí láti oṣù méje.

"Ìwọ lo fá a?"

"Èmi ni. Kò-tán-síbẹ̀ ló ní tí a ò bá fá a..."

"O fá a dáadáa," ló wí. Ó gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó ń yí i nínú ìmọ́lẹ̀. "Kò sí ibi tó kù."

Ohùn rẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé?"

Ó ní, "Àtàǹpàkò rẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka ìwọ̀n nǹkan síta. Ó ní Ìyàwó kun ọ̀pá náà tán lọ́jọ́ Túsìdeè, kò sì lè dúró. Ó ti àtàǹpàkò bọ abẹ́ rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ti gbẹ. Kò tíì gbẹ. Àmì ìka rẹ̀ dúró síbẹ̀, pẹ̀lú àpá tí ọ̀bẹ fi síbẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, gbogbo rẹ̀ hàn kedere.

Ó ní, "Mo bínú sí i. Mo ní, ọdún mẹ́fà, o ò lè dúró kí ọ̀dà gbẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní abẹ́ ni, kò sẹ́ni tó máa rí i. Mo ní èmi máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo ní kó tún un kùn. Ó ní tó bá di ọ̀la." Ó gbé ọ̀pá náà lé orí aṣọ funfun. "Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ gbẹ̀yìn nínú yàrá yìí nìyẹn. Ọjọ́ kejì ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ."

Mo kúnlẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ọwọ́ ara mi. Mo ní, "Ẹ bú mi, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi." Kò bú mi. Títí di òní, mo ṣì ń fẹ́ kó bú mi.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n fá a. Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Mo ti gbé sáńpépà lé e tó ìgbà mẹ́wàá, ọwọ́ mi ò gbà. Mo wá ń ra gọ́ọ̀mù kiri, etí rẹ̀ nìkan ni mò ń fi í sí. Mo ní bóyá ọ̀kan máa wà tó máa mú láìjẹ́ pé mo pa á rẹ́."

"Ṣé ó wà?"

"Kò sí. Mo mọ̀ pé kò sí kí n tó ra àkọ́kọ́." Ó mú sáńpépà náà. Ẹ̀tù ọ̀dà ti há sínú rẹ̀, ó dúdú. Ó da ẹ̀tù tó wà lórí bébà sí i, ó ká a sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin, ó fi sínú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó wá ní, "O fi sípíríìtì nù ún?"

"Mo nù ún."

"O fọwọ́ kàn án lẹ́yìn náà?"

"Rárá."

"Dìde, kí eruku tó bà lé e."

Ó ká aṣọ kúrò lórí ọkọ̀. Ó fá ojú ibi tó máa jókòó sí lórí idẹ, ó nù ún. Ó fún túùbù méjèèjì síta, ìlà méjì tó gùn dọ́gba, ó fi igi pò ó, kò kánjú, títí ìlà funfun kan ò fi hàn nínú rẹ̀ mọ́. Ó fi díẹ̀ síbí, ó fi díẹ̀ sọ́hùn-ún. Ó gbé ọ̀pá èéfín kalẹ̀ sí àyè rẹ̀. Ikùn ọkọ̀ náà rí roboto, orí ọ̀pá sì rí ṣóńṣó, kò sí ẹmú kan lára ògiri tó lè dì í mú kó má yọ̀. Gbogbo ọdún mẹ́fà, ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ó wò mí. Ó ní, "Wá dì í mú."

Mo jókòó sórí àga kejì, èyí tí òun fúnra rẹ̀ máa ń jókòó sí. Mo fi ìka mẹ́ta dì í mú bó ṣe fi hàn mí. Ó ní ó máa tó ogójì ìṣẹ́jú kó tó lè dá dúró, kí n má mira. Mi ò tíì dúró lójú kan fún ogójì ìṣẹ́jú láyé mi àfi tí mo bá sùn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ó rí i.

Ó ní, "Má kánjú, Kánmọ́."

Láti ọjọ́ tí Ìyàwó ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí ní Kánmọ́. Omijé dé, ọwọ́ mi ò sì ráyè nù ún. Mo rí i pé ó fẹ́ kán sórí gọ́ọ̀mù náà, mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíá kó lè bọ́ sílẹ̀. Mo dá ọwọ́ mi dúró bí mo ṣe rò pé ó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi náà ń sunkún, ó sì ń wo aago.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wà níbẹ̀ ṣíwájú mi. Ó fi ìka méjì mú ọ̀pá èéfín náà, ó sì gbé gbogbo ọkọ̀ náà sókè kúrò lórí tábìlì, idẹ, irin, ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀. Kò já. Ó gbé e kalẹ̀. Ó gbé irin onígun tó fi ń wọn nǹkan tì í láti wò ó bóyá ó dúró ṣánṣán, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń wò ó. Èmi náà rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pá náà wọ́ sápá òsì, apá ibi tí mo yí ojú sí. Kò wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́.

Mo ní, "Mo gbọ́ pé tí èèyàn bá mú un gbóná díẹ̀, tí kò tó ohun tó máa yọ́ léèdì, gọ́ọ̀mù náà á rọ̀. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́. Màá tún un dì mú, mi ò ní mira."

Ó gbé irin onígun náà kọ́ padà sára ògiri, sórí àwòrán rẹ̀. Ó ní, "Fi sílẹ̀." Ó jáde sí pálọ̀, ó fa àga, ó jókòó nídìí tábìlì oúnjẹ. Mo gbé abọ́ síwájú rẹ̀, mo dúró tì í bíi wọ́dà títí ó fi jẹ ìlàjì.

Sáńpépà náà ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ ìfọṣọ mo máa ń yọ ọ́ kúrò nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì tó dọ̀tí, mi ò ní tú u, màá sì fi í sínú àpò èyí tó mọ́. Àwa méjèèjì kì í sọ nípa rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Kò-tán-síbẹ̀ wá wo ọkọ̀ náà. Ó yí i po, ó yìn ín, ó ka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bèèrè nípa gbogbo ìdè. Nígbà tó dé iwájú, ó dijú kan, ó fi bíírò rẹ̀ wọn ọ̀pá èéfín náà láti òkèèrè. Mo rí i pé ẹnu ń yún un. Mo dìde, mo fẹ́ lọ gbé omi wá, kí n má baà gbọ́ ọ.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ó dà bíi pé ibí yìí wọ́ díẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo mọ̀. Àbúrò mi ló dì í mú."